Bọ́ọ̀lù Tí Wọ́n Ń Fi Kóńdó Gbá

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Muṣin ni mo ti gbọ́ tí ìyá kan ń sọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ fún ọkùnrin tó jókòó tì í.

"Nígbà tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé mi, mo ṣe bí àwọn tó ń fún ọmọ lájẹsára ni. Mo tiẹ̀ kí wọn kú iṣẹ́! Aládùúgbò mi ló sọ pé wọ́n fẹ́ wó o, kí wọ́n fi ibẹ̀ kọ́ pápá bésìbọ́ọ̀lù."

"Kí nìyẹn, màmá?"

"Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi kóńdó gbá."

"Kóńdó! Èyí táwa mọ̀, ẹ̀yìn èèyàn ni wọ́n ń fi í gbá."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìyá náà yé mi dáadáa, torí wọ́n ti sàmì sára ilé tèmi náà rí.

Ìyá náà ní, "Wọn ò kọ́ pápá náà mọ́. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n wá pa àmì náà rẹ́. Mo ti tú ẹrù tí mo dì. Kọ́tìnnì tuntun ni mò ń lọ rà yìí."