Ọ̀fìnkìn Kọ́ Ló Ṣe Ọmọ-Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, Ọlọ́run tó fi èémí sí àyà ọmọ-ọmọ mi, tí kò jẹ́ kí ìgbéraga mi gbà á kúrò níbẹ̀, òun ni mo dìde dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Àwọn alàgbà ní kí ẹlẹ́rìí má ṣe kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní méje. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí mì.

Ẹ mọ̀ mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ yín ní báyọ́lọ́jì kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti ya ẹ̀dọ̀fóró sójú pátákó títí, bí wọ́n bá fi aṣọ dì mí lójú, màá yà á. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé àìmọ̀ kọ́ ló ṣe mí.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, eruku bo gbogbo Ìkòsì. Kò sí ẹni tí kò húkọ́ nínú ilé wa. Ọmọ mi ọkùnrin ń fọn imú, ohùn ìyàwó rẹ̀, Bùsọ́lá, há, èmi náà ń sín láti òwúrọ̀ dalẹ́. Nígbà tó wá kan Tiwa, ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́ta, mo ní ohun kan náà ni. Mo lọ bá oníkẹ́míìsì àdúgbò, mo ní kó bá mi po oògùn ikọ́ tí gbogbo ilé máa lò. Ó pò ó sínú náílọ́ọ̀nù kéékèèké bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é: funfun méjì, pupa kan, yẹ́lò kan. Èmi tí mo máa ń sọ fún kíláàsì pé ara ọmọdé kò gba oògùn àgbà, mo gé ìdajì ti bàbá rẹ̀ fún un. Mo fi àdí pa á láyà, mo wọ súwẹ́tà méjì fún un, mo tún fi kádígàn tí mo fọwọ́ ara mi hun lé e. Ọmọ náà wá rí bí ẹrù tí wọ́n dì.

Ní ọjọ́ kejì tó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá pè mí lórí fóònù. Ó ní kí n ṣọ́ra, pé ṣé kì í ṣe ìyá Bùsọ́lá ló pọn ọmọ náà lọ́jọ́ Àìkú, pé ọwọ́ àwọn kan kò mọ́. Arábìnrin náà mọ ara rẹ̀. Ẹ jókòó dáadáa, mà, mi ò ní dárúkọ yín. Ohun tí ẹ sọ kò dára, àmọ́ èmi ni mo ṣí etí sílẹ̀ fún un, torí ó bá mi lára mu.

Èmi àti ìyá Bùsọ́lá kò rẹ́ láti ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ àwọn ọmọ wa. Lọ́jọ́ náà, àwọn ẹbí rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì ni. Mo ti gbọ́ pé kò ka ìwé gírámà tán, pé ọsibítù kékeré kan ló ti kọ́ iṣẹ́. Mo sọ ọ́ níwájú ìdílé méjèèjì pé kì í ṣe nọ́ọ̀sì, pé ẹni tó ń bá nọ́ọ̀sì da póò nù ni. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Àwọn kan tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà wà nínú ìjọ yìí.

Ọjọ́ kẹrin àìsàn náà jẹ́ Sátidé. Ọmọ mi wà ní Ìbàdàn, Bùsọ́lá wà níbi iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ wá kí wa láti Alápẹ̀rẹ̀. Kò tíì jókòó tó ti tẹjú mọ́ ọmọ.

"Mọ́mì, ẹ kú ilé. Kí ló ń ṣe Tiwa?"

"Ọ̀fìnkìn ni. Ọyẹ́ ló fà á. Gbogbo wa ló ń ṣe."

"Ṣé ó jẹun?"

"Ọmọ tí imú ẹ̀ dí, báwo ló ṣe fẹ́ jẹun?"

"Omi ńkọ́?"

Mo fa kádígàn ọmọ náà dé ọrùn. Láti àárọ̀ ni ọmọ náà ti ń ti ife dànù.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká bọ́ aṣọ yìí, kí n wo àyà ẹ̀."

"Kí òtútù lè ráyè wọlé? Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mo ti ń ya àyà sójú pátákó nígbà tí ẹ̀ ń da póò nù."

Ó kúnlẹ̀. Ìyá àgbà bíi tèmi, ó kúnlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ bú mi tó bó ṣe wù yín, mo gbà. Ẹ ṣáà jẹ́ n wo ọmọ yìí."

Mo ní kó dìde, kó máa lọ sílé ẹ̀. Ó ń sunkún lọ. Nígbà tó dé géètì, ó yíjú padà: "Ẹ bọ́ ọ láṣọ, kí ẹ wo abẹ́ egungun ìhà ẹ̀ bó bá ń mí. Bó bá ń wọnú, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni."

Mo jókòó, mo ń bínú, fún bíi wákàtí kan. Wákàtí yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Nígbà tí mo bọ́ kádígàn náà, mo fẹ́ fi hàn pé irọ́ ló pa ni. Abẹ́ ìhà ọmọ náà ń jìn wọnú ní gbogbo ìgbà tó bá fa èémí. Ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀. Mo wo aago, mo ka èémí rẹ̀, ó lé ní àádọ́ta ní ìṣẹ́jú kan. Mo pe orúkọ rẹ̀. Ó wò mí, kò sọ̀rọ̀.

Mo gbàdúrà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá títí a fi dé ọsibítù, àdúrà tí kò ní gírámà. Mo ní, Olúwa, má jẹ́ kí ẹnu mi pa ọmọ yìí. Wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́. Dókítà ní òtútù àyà ni, pé ó kù díẹ̀ kí ẹ̀pa má bóró mọ́. Ó ní ọ̀fìnkìn ló ń ṣe àwa yòókù: imú á máa dà, ikọ́ á wà, ara lè gbóná díẹ̀, àmọ́ ọmọ á ṣì máa ṣeré, á sì máa mumi. Ó ní bó bá jẹ́ ikọ́ fée, àyà á máa dún bíi fèrè bó bá ń mí síta, ó sì sábà máa ń lọ tí á tún padà wá. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta tó jókòó jẹ́ẹ́, tó ń mí tó ogójì ìgbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú, tí kò mumi, ọsibítù ni kí wọ́n gbé e lọ, kì í ṣe kẹ́míìsì. Ohun tí obìnrin yẹn bi mí nínú pálọ̀ mi gan-an nìyẹn.

Ọjọ́ kẹfà tí a dé ọsibítù ni wọ́n dá Tiwa sílẹ̀. Òun ló ń sáré kiri níwájú yẹn, tí àwọn akọrin ń lé. Ọlọ́run ló ṣe é.

Mo ti lọ sí Alápẹ̀rẹ̀ lọ bẹ ìyá Bùsọ́lá. Ó gbé omi fún mi, ó ní kò sí nǹkan, ọmọ ṣáà ti yè. Mo pè é wá síbi ìdúpẹ́ òní. Ó ní òun á gbìyànjú. Ẹ wo àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bùsọ́lá, kò sẹ́ni níbẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi. Níwájú èèyàn ni mo ti tàbùkù rẹ̀, mo wá lọ tọrọ àforíjì ní kọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn báyìí: obìnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, èmi ni mo ṣe é níbi.

Ẹ bá mi yọ̀, ẹ fi ògo fún Ọlọ́run, ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń jáde, ẹ má wá kí mi. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbé Alápẹ̀rẹ̀, ẹ yà lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun ni kí ẹ kí kú ewu.