Omi Tí Mo Dà Nù Lójú Ọmọ Mi

Má tíì tan ọ̀kadà yẹn, Yẹ̀kínì. Mo ní kó o pa á. Kò sí èrò tó ń dúró dè ọ́ níbì kankan, èmi ni mò ń dúró dè ọ́, láti àárọ̀ ni mo ti jókòó sórí àga gbọọrọ yìí, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ọlọ́kadà ń yọjú wò mí bí ẹni tó wá ṣagbe. Jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Bọ̀n, ṣebí ibí yìí náà lo ti mú pọtáàbù rẹ jáde lọ́jọ́ yẹn, tó o dúró sáàárín wa, tó ò ń ka mẹsáàjì Faransé, tó ò ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa bí àlùfáà, pé ilé iṣẹ́ iná mànàmáná kan ti bú lọ́hùn-ún ní Jàpáànì, pé májèlé tí ojú kò lè rí ti jáde nínú rẹ̀, pé atẹ́gùn ń gbé e kiri ayé, pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ibẹ̀ dé, inú òógùn rẹ̀ ló ń gbé e, inú itọ́ rẹ̀ ló ń gbé e, kí á má fọwọ́ kàn án, kí á má bá a jẹ, kí á má bá a mu. Ràdíásíọ̀n. Bó o ṣe pè é nìyẹn. Ìwọ Yẹ̀kínì tí mo mọ ọjọ́ tí wọ́n já ọ lẹ́nu ọmú.

Èmi náà sì gbà ọ́ gbọ́. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, gbogbo Ìfọ̀nyìn da omi òjò nù, àwọn tó ń gbin àgbàdo ní Lagbé sá wọlé bí ẹni pé iná ló ń rọ̀. Mo fi ọ̀rá bo ibi tí mo ti ń ṣe epo. Mo fi omi iyọ̀ wẹ̀ títí ara mi fi ń yún mí. Ìyẹn ò dùn mí, gbogbo wa la jọ ya wèrè ọ̀hún. Ti Dieudonné ló ń dùn mí.

Ta ni kò mọ Dieudonné nílùú yìí? Ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún mi lọ. Ó mọ̀wé, wọ́n yàn án, ó lọ sí Jàpáànì lọ kọ́ nípa ẹ̀rọ oko. Nígbà tí nǹkan yẹn wá bú, ta ló ń pè é lójoojúmọ́? Èmi. Ta ló ń sunkún sí i létí pé kó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kó máa bọ̀ wálé? Èmi náà ni. Ó ní, Ìyá, ibi tí mò ń gbé jìnnà síbẹ̀, ó jìnnà ju láti Ìfọ̀nyìn dé Kándì lọ. Mo ní n kò mọ Kándì, kó máa bọ̀ wá bá mi kí n tó kú. Ó gbọ́ tèmi, ó wá. Yẹ̀kínì, èmi ni mo pe ọmọ yẹn wá o.

Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú tasí ní oríta, ọ̀sán gangan, ìwọ ló kọ́kọ́ rí. Kí lo wí fún un? O ní ẹsáǹsì ti tán nínú ọ̀kadà rẹ. Ìwọ tí ìgò ẹsáǹsì tò sẹ́yìn ilé rẹ bí ìgò ọtí níbi òkú. Má wolẹ̀, mo mọ̀, Fámúyìwá àbúrò ọkọ mi wà lábẹ́ igi lódìkejì ọ̀nà, ó gbọ́ ọ. Ọmọ tó jókòó sínú bàálù láti àná gbé ẹrù rẹ̀ rù, ó fẹsẹ̀ rìn, àwọn tó tó bí i lọ́mọ ń bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà fún un, òun sì rò pé wọ́n ń bu iyì fún òun ni, ó ń kí wọn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n tìrẹ kéré. Tèmi ni mo wá sọ. Larissa, ọmọ Fámúyìwá, sáré láti lọ dì mọ́ ọn, mo fa ọmọ náà lápá sẹ́yìn títí ó fi figbe ta. Dieudonné rí i. Ó ní bóyá ọmọ ti gbàgbé òun ni.

Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe é níbí. Àlejò kì í wọlé kí á má fún un lómi, onílé ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí ọkàn àlejò lè balẹ̀, àlejò á mu tirẹ̀, á dá kọ́ọ̀pù padà. Tó bá wá jẹ́ ọmọ ẹni ló ti àjò dé, ìyá rẹ̀ ló ń mu èyí tó kù. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ń ṣe fún mi tí mo bá ti ilé ọkọ wá kí i. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe fún Dieudonné nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ ní Àjàṣẹ́. Ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́ ẹ kù fún mi ni.

Mo bu omi sínú kọ́ọ̀pù tánganran tó fi ń mu ẹ̀kọ láti kékeré. Mo tọ́ ọ wò. Ó dọ̀bálẹ̀ ná, ó gbà á, ó mu, ó ṣẹ́ tèmi kù, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. Ojú gbogbo agbolé wà lára wa. Mo ń wo omi yẹn, Yẹ̀kínì, mo ń wo ibi tí ẹnu ọmọ mi kàn, ohùn rẹ ni mo sì ń gbọ́, inú itọ́ ló ń gbé e, inú itọ́ ló ń gbé e. Mo dà á sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀. Mo wá ní bàbá rẹ̀ ni mo ta á sílẹ̀ fún. Irọ́ ni. Ṣé omi tó kù nínú kọ́ọ̀pù ni wọ́n ń dà sílẹ̀ pátápátá fún òkú? Ẹ̀kán méjì mẹ́ta ni, ọmọ ọwọ́ mọ̀. Dieudonné wò mí. Ó ní, Ẹ ṣé, Ìyá.

Kí lo wí? Pé o kò ní kí n da omi nù? Hẹn. Pé wọ́n fi mẹsáàjì ránṣẹ́ sí ìwọ náà ni, o kàn kà á ni? Òótọ́ ni. O kò ní kí n dà á nù. O kò ní kí n tẹ́ ẹní rẹ̀ sínú aká àgbàdo, ibi tí eku ń sùn. Kò sì sẹ́ni tó ní kí n ju kọ́ọ̀pù yẹn sí ààtàn nígbà tó wọlé lọ sinmi, mo sì fi eérú fọ ọwọ́ mi. Èmi ni mo ṣe gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, tó lọ sẹ́yìn ilé, ló rí kọ́ọ̀pù rẹ̀ láàárín èèpo gbágùúdá. Ó mú un, ó fọ̀ ọ́, ó kì í sínú báàgì rẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ń pe òun ní Àjàṣẹ́. Mo ní kó dúró jẹun. Ó ní òun ti yó. Kí ló jẹ? Kò tíì fẹnu kan nǹkan kan láti àná tó ti dé, àfi omi yẹn.

Wọ́n ní ìyá ni wúrà. Wúrà wo ló wà lára mi? Tí mo bá kọjá lọ́jà, mo máa ń yí gèlè mi bo ojú. Àwọn tó ń sá fún ọmọ mi lójú ọ̀nà náà ló ń sọ̀rọ̀ mi báyìí, pé ìyá wo ló ń kọ itọ́ ọmọ tó bí, wọ́n sì jàre mi. Èmi tí mo fi ẹnu fa ikun nímú rẹ̀ nígbà tó ń ṣòjòjò. Ojú ń tì mí, Yẹ̀kínì. Tí mo bá jókòó nìkan, ojú ń tì mí.

Èyí tó wá gbé mi dìde wá síbí nìyí. Fámúyìwá lọ bá a ní Àjàṣẹ́ lánàá, ó bẹ̀ ẹ́, ó bi í léèrè ọ̀rọ̀ májèlé yìí láìfi bò. Ṣé o mọ ohun tí Dieudonné ṣe? Ó fa ìwé kan yọ nínú àpò ẹ̀wù. Kó tó wọ bàálù, wọ́n ti fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ̀rọ ò dún, wọ́n kọ ọ́ síwèé, wọ́n lù ú lóǹtẹ̀, pé kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ìwé yẹn wà lápò rẹ̀ nígbà tó fẹsẹ̀ rìn láti oríta. Ó wà lápò rẹ̀ nígbà tí mo da omi nù. Fámúyìwá ní, kí ló dé tó ò fi mú un jáde? Ó ní ọmọ kì í fi ìwé han ìyá rẹ̀ kí ìyá tó fún un lómi.

Kò tiẹ̀ bínú. Ì bá ṣe pé ó bínú ni, ǹ bá mọ bí mo ṣe máa bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí Fámúyìwá bá òun kí mi. Ọ̀tunla ni bàálù rẹ̀ ń lọ, ó ń padà sí ilẹ̀ Jàpáànì tí nǹkan náà ti bú, àwọn ará ibẹ̀ máa ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n máa ń bá a jẹun nínú abọ́ kan náà. Tó bá lọ báyìí, kò ní í wá mọ́. Èmi ni mo bí i, mo mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, tan ọ̀kadà rẹ báyìí. Àjàṣẹ́ là ń lọ, n kò bi ọ́ bóyá àyè wà. Ẹ̀yìn rẹ ló máa jókòó sí tá a bá ń bọ̀, kó fọwọ́ di ẹ̀wù rẹ mú, kí gbogbo oríta rí i lójú ọ̀sán. Bó bá ní òun ò wá, màá kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo bí níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìwọ náà á sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a ò ní í dìde títí á fi gbà. Sún síwájú díẹ̀, kí n rí ibi jókòó sí.