Akíndélé Dọ̀bálẹ̀ Lórí Fóònù

[Bàbá Fadékẹ́mi ló pè, láti Reinickendorf ní Berlin. Akíndélé, tó fẹ́ fẹ́ Fadékẹ́mi, ló gbé e ní Harburg ní Hamburg.]

AKÍNDÉLÉ: Ẹ káàsán sà! Ẹ kú ilé sà! Màmá ńkọ́? Ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́—

BÀBÁ: Wọ́n wà. Ariwo kí lèyí?

AKÍNDÉLÉ: Washing machine ni sà. Mo wà ní Waschkeller, abẹ́ ilé tá a ti ń fọṣọ.

BÀBÁ: Fadékẹ́mi ní o fẹ́ fẹ́ òun.

AKÍNDÉLÉ: Bẹ́ẹ̀ ni sà! With all my heart!

BÀBÁ: O ti dọ̀bálẹ̀?

AKÍNDÉLÉ: Mo… mo ti dọ̀bálẹ̀ sà.

BÀBÁ: Irọ́! Ẹni tó dọ̀bálẹ̀, àyà ẹ̀ máa ń tẹ ohùn ẹ̀ mọ́lẹ̀. Tìẹ ń fò bí ẹyẹ.

AKÍNDÉLÉ: Ẹ má bínú sà. Orí maṣíìnì ni mo dúró sí. Ibẹ̀ nìkan ni network wà. Tí n bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí— [krrr] —ó kú nìyẹn.

BÀBÁ: Kí ló pa á?

AKÍNDÉLÉ: Ògiri ni sà. Ohùn yín ń gbá ara ògiri, ó ń pín sọ́nà mẹ́rin. Tí wọ́n bá tún pàdé, wọ́n á máa pa ara wọn. Fading ni wọ́n pè é níléèwé wa—

BÀBÁ: Ohùn tèmi ń bá ara ẹ̀ jà?

AKÍNDÉLÉ: Ẹ̀— bẹ́ẹ̀ ni sà.

BÀBÁ: Èwo ló ń borí?

AKÍNDÉLÉ: [krrr] Ṣé ẹ gbọ́ mi sà?

BÀBÁ: Ṣé o gbọ́ mi? Ọmọkùnrin kan, Adéníyì, náà ń tọrọ Fadékẹ́mi o! Ó ti dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì mi látaago mẹ́wàá. Mi ò tíì ní kó dìde. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo gbé ife tíì mi lé.

AKÍNDÉLÉ: Ha! Ẹ jẹ́ n jáde, màá pè yín padà—

BÀBÁ: Kó o tó padà, mo ti fún un níyàwó. Dọ̀bálẹ̀, now-now!

AKÍNDÉLÉ: Tí n bá sọ̀kalẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ mi mọ́ sà!

BÀBÁ: Ta ló fẹ́ gbọ́ ẹnu ẹ? Ìdọ̀bálẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́!

[Gìrì-gìrì-gìrì.]

AKÍNDÉLÉ: Sà, maṣíìnì ti ń fún aṣọ— ó ń gbọ̀n— yéè—

[Gbìì! Bọ́kẹ́ẹ̀tì ń yí. Krrr.]

BÀBÁ: Akíndélé? Ṣé o gbọ́ mi?

[Kẹ́kẹ́ pa.]

BÀBÁ: Fadékẹ́mi! Sáré wá! O gbọ́ bó ṣe balẹ̀? Gbogbo ara ló fi dọ̀bálẹ̀! Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́, kò tiẹ̀ mí! Akíndélé, tìẹ ni! Ó yá, dìde, ọkọ ọmọ mi. Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní kó o dì—

[Fóònù já.]