Èèwọ̀ Tí Mo Hùmọ̀ Létí Ọ̀sà

Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ ká ṣe àdúrà ìparí. Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tó ti pẹ́ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ hu irùngbọ̀n, bí n kò bá sì sọ ọ́ lónìí, kò dá mi lójú pé mo tún máa rí ọjọ́ mìíràn sọ ọ́. Dókítà tó ń wo àyà mi ní Ondo ti sọ tirẹ̀, mo sì gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe dókítà ló gbé mi dìde. Benson ló gbé mi dìde. Ẹ gbọ́ ohun tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa yìí báyìí, pé bí wọ́n bá wọ ọkọ̀ ojú omi l'Ékòó lọ́jọ́ Sátidé, gbàrà tí oòrùn bá ti fara kan omi, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lanu sọ̀rọ̀ mọ́ títí ọkọ̀ á fi gúnlẹ̀, pé èèwọ̀ ọ̀sà ni. Gbogbo yín ń mi orí. Èmi Festus Bándélé, tí ẹ ń pè ní Tísà, mo jókòó sí àga mi, òógùn bò mí. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí èèwọ̀ kankan tó jọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Èmi ni mo pa á.

Ẹ jẹ́ kí ariwo yẹn rọlẹ̀. Màmá Ẹ̀bùnọlá, ìyá ìyàwó mi, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ bá mi sún àga wọn síwájú kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa. Fadékẹ́, ìwọ náà jókòó, má tíì dìde sí mi. Mo ti jẹ iyán àjẹyó láàárọ̀ yìí, nítorí n kò mọ ìgbà tí wàá tún gún òmíràn fún mi.

Ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ondo sílẹ̀ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nígbà náà rántí bí ayé ṣe rí. Epo ń ṣàn, owó ń rìn, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba ń ra rédíò tó tóbi ju àpótí aṣọ rẹ̀ lọ. Àwa tísà ti gba owó àfikún oṣù tí wọ́n ń pè ní Údójì, èmi sì fi tèmi ra bàtà kan tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga débi pé bí ejò bá lé mi, ejò náà ló máa dúró dè mí. Kòkó náà so lọ́dún yẹn. Ni ẹgbẹ́ wa bá ní a kì í jìyà oko tán ká má jẹ ìgbádùn Èkó. A ó gba mọ́tò láti Ore, a ó sì wọ ọkọ̀ tó máa ń gbé èèyàn yí ká lójú ọ̀sà nírọ̀lẹ́, kí wọ́n lè fojú rí etí omi ìlú àtijọ́ yẹn nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀.

Fadékẹ́ wà lára àwọn tó ń lọ, òun pẹ̀lú bàbá àti ìyá rẹ̀. Bàbá Ọ̀ṣuntóyìn, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, apá Ọ̀ṣun ni wọ́n ti wá gba ilẹ̀ kòkó dá ní Ajue. Fadékẹ́ ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Ore. Mo fẹ́ràn rẹ̀ dé egungun. Bó bá wá pọn omi ní kànga ilé ìwé wa, ìṣirò tí èmi fúnra mi kọ sójú pátákó á di ohun tí n kò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbọ́ tèmi. Bí mo bá fẹ́ sọ pé mo fẹ́ ẹ, "Ẹ kú oòrùn" ni yóò jáde.

Benson ní ẹnu ní tirẹ̀. Ẹ má wo ewú orí rẹ̀ yẹn o. Nígbà náà, akọ̀wé àwọn tó ń ra kòkó ni, ó ní alùpùpù, ó sì lè fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín títí ẹ ó fi gbàgbé pé kòkó yín ló ń wọ̀n. Ọ̀rẹ́ mi ni. Nígbà tó ku díẹ̀ ká lọ, ó fà mí sẹ́yìn mọ́tò, ó ní, "Tísà, mo ti rí ọ̀nà. Bí oòrùn bá ń wọ̀ lórí omi, tí ọkàn gbogbo èèyàn ti rọ̀, n ó dìde dúró lójú bàbá rẹ̀, lójú ìyá rẹ̀, lójú gbogbo ẹgbẹ́, n ó sì tọrọ Fadékẹ́. Ta ló máa lè sọ pé rárá níbẹ̀ yẹn?" Mo ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ọgbọ́n gidi nìyẹn." Alábòsí bíi tèmi!

A dé èbúté. Ẹ mọ̀ pé ọmọ Ìlàjẹ ni ìyá tó bí mi, láti etí omi. Odigbo ni mo dàgbà sí o. N kò lè lúwẹ̀ẹ́, àgbàrá òjò pàápàá ń bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n lójú ẹ̀yin ará igbó, ọmọ olómi ni mí. Ẹ sì mọ àṣà wa. Kò sí odò kan tí a máa ń là kọjá lọ sóko tí kò ní èèwọ̀ tirẹ̀. Èyí kò fẹ́ kí wọ́n fọ ìdí ìkòkò, èkejì kò fẹ́ kí wọ́n gbé epo kọjá. Àlejò kì í fi ẹsẹ̀ kan omi láìbéèrè. Bàbá Ọ̀ṣuntóyìn wo ọ̀sà, wọ́n rí bó ṣe fẹ̀ tó, wọ́n dúró ṣinṣin. Wọ́n ní, "Tísà, ìwọ lọmọ olómi. Kí ni èèwọ̀ omi yìí?"

Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí Benson tó ń gbọn fìlà rẹ̀ nù. Bí irọ́ náà ṣe bọ́ sí mi lẹ́nu nìyẹn. Mo ní, "Kò ní púpọ̀, bàbá. Ẹyọ kan ni. Bí oòrùn bá ti fara kan omi, ẹnu kì í dún mọ́ títí ẹsẹ̀ á fi tẹ ilẹ̀." Wọ́n ní, "Bí ẹnu bá dún ńkọ́?" Mo ní, "Ọkọ̀ á dojú dé." Bàbá Fádáre, tí wọ́n jẹ́ alága wa nígbà náà, ní, "Àwọn ará Èkó tí a jọ ń wọ ọkọ̀ ńkọ́, tí wọ́n ń pariwo yìí?" Ẹnu mi tí kò lè sọ gbólóhùn kan fún Fadékẹ́ bá ń ṣàn bí omi. Mo ní, "Onílé ni wọ́n, bàbá. Àlejò ni èèwọ̀ máa ń mú." Gbogbo yín ní òótọ́ ni, òótọ́ ni. Ojú Benson fà ro.

Ìgbádùn náà dùn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan dúró níwájú ọkọ̀, ó ń nawọ́ sí nǹkan fún wa: ilé ìjọsìn àtijọ́ tí orí rẹ̀ ṣóńṣó, ilé àwọn òyìnbó oníṣòwò tó ní fèrèsé onígi, igi àgbọn tó tò sí etí omi, àti àwọn ọkọ̀ òkun ràgàjì tó rù sìmẹ́ńtì, tí wọn kò rí àyè já a. A ń ké "Háà!" sí gbogbo rẹ̀. Rachel tó jókòó síbí yìí, tó jẹ́ ọmọge nínú ẹgbẹ́ nígbà náà, ń fún èèyàn lọ́sàn jẹ. Oòrùn wá pọ́n bí epo, ó sọ̀kalẹ̀, ó fara kan omi. Ni gbogbo ẹgbẹ́ bá dákẹ́ fẹ́mú.

Ọkùnrin tó ń júwe nǹkan ní, "Ẹ ń gbádùn ẹ̀ àbí?" Kò sẹ́ni tó fèsì. Ó rò pé a ò gbọ́ Yorùbá, ó ní, "Wetin do una?" Pin-in. Ó sọ Haúsá. Nígbà tó yá, ó ń fi ọwọ́ júwe fún wa bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀, àwọn ará Èkó sì rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Benson dìde, ó lanu, ó rántí, ó pa á dé. Ó wá kọjú sí Fadékẹ́, ó fọwọ́ lu àyà, ó fọwọ́ sí ikùn, ó nàka sókè ọ̀run. Rachel rò pé inú ló ń run ún, ló bá mú orógbó jáde nínú báàgì rẹ̀, ó tì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Má rẹ́rìn-ín, Rachel. Ṣebí orógbó yẹn lo fi di ìyàwó rẹ̀! Èmi ń fi ẹ̀rín pa ara mi sínú níbi tí mo jókòó sí.

Ibi tí n kò fẹ́ dé la dé yìí. Ọkọ̀ wa wá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ pẹrẹsẹ kan tí wọ́n ń já sìmẹ́ńtì sí. Àwọn alágbàṣe inú rẹ̀ funfun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ọ̀kan nà ró, ó wò wá, ó sì ké: "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀gbọ́n mi o!" Abraham ni, àbúrò Màmá, ọmọ ìyá wọn kan ṣoṣo, tó bínú kúrò ní Ajue, tí ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Màmá dìde. Wọ́n ti la ẹnu. Wọ́n wá dúró, wọ́n wò mí. Wọn kò wo ọkọ wọn, èmi ni wọ́n wò, èmi ọmọ olómi. Ojú wọn ń bi mí pé, ṣé mo lè dáhùn? Ẹ̀yin èèyàn mi, ká ní mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí ẹnu Màmá bá là, ti Benson náà á là. Mo gbọn orí pé rárá.

Màmá fi etí gèlè di ẹnu, wọ́n jókòó, omi ń dà lójú wọn. Mo rí ọwọ́ Abraham lókè, mo rí i tó rọra bọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ kọjá. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ẹni burúkú ni mí lọ́jọ́ yẹn, kò sí orúkọ mìíràn tí n ó fi pe ara mi.

Bí ẹsẹ̀ ṣe tẹ ilẹ̀, Màmá figbe ta: "Abraham ni! Ọmọ ìyá mi ni!" A sáré padà lẹ́bàá omi, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ń ṣú, a kò sì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí a ṣe ń bọ̀ nílé, Bàbá Ọ̀ṣuntóyìn ń rẹ Màmá lẹ́kún, wọ́n ní, "Ìwọ lo gbà wá là. Bí o bá sọ̀rọ̀, gbogbo wa ni ì bá kú." Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju ọ̀bẹ lọ.

Láti ìgbà náà, bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, èmi rèé l'Ékòó, tí mò ń bi gbogbo alágbàṣe èbúté léèrè. Ẹ rò pé inúure ni. Mo rí Abraham nígbẹ̀yìn, níbi tó ti ń jẹ ẹ̀bà lábẹ́ igi kan. Mo ní kó jẹ́ ká lọ sílé. Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́. O wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi rí mi, ó fi gèlè di ẹnu nítorí sìmẹ́ńtì ara mi. N kò ní ẹbí ní Ajue mọ́." N kò rí ọ̀nà mìíràn gbé e gbà, mo sọ òótọ́ fún un, láti orí fìlà Benson dé orí tí mo gbọ̀n. Ó ní, "Tísà, nítorí obìnrin?" Mo ní, "Nítorí Fadékẹ́." Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀bà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi! Ó dáa, n ó bá ọ lọ. N ó sì pa á mọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ó máa fẹran bọ́ mi."

Ẹ rántí ọjọ́ tí a wọ Ajue. Màmá yí gbirigbiri nílẹ̀. Bàbá di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Tísà, kí la lè fi san oore yìí?" Ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹnu mi gbọ́ tèmi. Mo ní, "Fadékẹ́ ni, sà." Wọ́n bi í, ó ní òun gbà, pé ọkùnrin tó lè fi bàtà yẹn rin gbogbo etí omi Èkó kò ní fi ìyàwó sílẹ̀. Bí mo ṣe fi ìwà ìkà gba ẹ̀san ọmọlúàbí nìyẹn. Gbogbo Kérésì ni Abraham máa ń ké láàárín oúnjẹ pé, "Oòrùn ti fara kan omi o!" Ẹ rò pé ẹ̀fẹ̀ àna ni. Èmi mọ̀ pé ẹran ló ń béèrè, mo sì máa ń gbé èyí tó tóbi jù sí àwo rẹ̀.

Ọyẹ́ tó kọjá ló fi wá sílẹ̀. Kó tó lọ, ó pè mí, ó ní, "Tísà, n kò lè gbé ẹrù rẹ dé ọ̀run. Lọ́dọọdún ni ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ̀ mí pé kí n dárí ji òun. Mo ń jẹ ẹran, mo ń dákẹ́. Èmi náà ṣẹ̀. Sọ fún un." Mo ṣèlérí, n kò sọ. Màmá, nígbà tí a ń sin ín, mo dúró lẹ́yìn yín. Mo gbọ́ tí ẹ sọ sínú ilẹ̀ pé, "Abraham, kì í ṣe pé n kò mọ̀ ọ́ o."

Ó mọ̀, Màmá. Láti ọjọ́ tí mo ti rí i lábẹ́ igi yẹn ló ti mọ̀. Ẹ kò ṣẹ̀ ẹ́ rí, èmi ni mo di yín lẹ́nu. Mo dọ̀bálẹ̀, ẹ forí jì mí. Bó bá rọrùn, kí ẹnì kan fà mí dìde lẹ́yìn náà, nítorí orúnkún yìí kò dára mọ́. Fadékẹ́, forí jì mí. Benson, ìwọ ti ní Rachel, ìwọ náà rọra bínú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n: bí o bá fẹ́ràn èèyàn, la ẹnu tìrẹ, má di ti ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi náà ń bá yín lọ, bí n kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Màmá, n ó jókòó tì yín. Ẹni tó bá ní èébú fún mi níbí, ẹ dákun, ẹ bá mi pa á mọ́ títí oòrùn á fi fara kan omi, kí gbogbo yín wá la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà, kí Èkó gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí Màmá ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ pe Abraham, kí ó tó kàn mí.