Kọ́kọ́rọ́ Kejì tí Mo Fi Pamọ́ fún Dádì

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ó ti lé ní ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún àlùfáà ìjọ wa, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹni tí mo fẹ́ fẹ́. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé wọ́n fẹ́ mú bàbá àgbàlagbà kan kúrò nínú ilé rẹ̀ nítorí àìsàn tí kò ṣe é. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kò ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Bàbá Tíṣà ni gbogbo Lálúpọn ń pè wọ́n, nítorí ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Èmi ń pè wọ́n ní Dádì. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí bàbá mi kú. Àwọn ni wọ́n tọ́ mi dé yunifásítì.

Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn àwọn ìdílé ìlú. Wọn á lọ jókòó ti àwọn àgbà ní ojúlé wọn, ohun tí wọ́n bá gbọ́, wọn á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ọmọ wọn, Bọ̀dá Fẹ́mi, rà fún wọn. Ọ̀rọ̀ oko àti ààlà ilẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó jìnnà sínú: ẹni tí wọ́n rà lẹ́rú, ẹni tí bàbá rẹ̀ kì í ṣe bàbá rẹ̀. Àdéhùn tí Dádì bá wọn ṣe ni pé ẹnikẹ́ni kò ní ka ọ̀rọ̀ onítọ̀hún títí yóò fi kú.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pè mí. Ajíbòdé ni mo ń gbé nígbà náà, nínú yàrá tí mo háyà lẹ́bàá yunifásítì, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo sì ń kọ́. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn ti ìwé náà pa.

A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Ètò kan wà nínú irú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa bá ènìyàn gbé sọ́fíwià wá. Ènìyàn kò ní wá a kiri orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ ohun tí o fẹ́ ni wàá tẹ̀ sínú àpótí dúdú kan lójú kọ̀ǹpútà. Ètò náà á lọ sí ibi tí wọ́n kó sọ́fíwià jọ sí, á yẹ èdìdì ara rẹ̀ wò bóyá ojúlówó ni, á gbé e wálé, á sì tò ó sí àyè rẹ̀. Mo tẹ ìlà kan ṣoṣo láti pe sọ́fíwià tó ń sọ ìwé di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè kà láìní kọ́kọ́rọ́. Kọ̀ǹpútà bèèrè ọ̀rọ̀ aṣínà onílé, Dádì fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Ó tún bèèrè bóyá kí òun máa bá a lọ. Wọ́n ní kí n ka ìbéèrè náà sókè kí n tó dáhùn.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, ó pẹ́ kó tó wọlé tán. Dádì ń wo àwọn ìlà tó ń sáré kọjá.

Wọ́n ní, “Ṣé o mọ ẹni tó ṣe ohun tó ń wọlé yìí?”

Mo ṣàlàyé èdìdì náà fún wọn, pé kọ̀ǹpútà kì í gba ohun tí èdìdì rẹ̀ kò bá pé. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọn kò ronú pé ó yẹ kí wọ́n bèèrè nípa èmi tí mo jókòó tì wọ́n.

Mo ní kí wọ́n ronú gbólóhùn gígùn kan fún kọ́kọ́rọ́ wọn. Mo yí ojú kúrò nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Ibí yìí gan-an ni mo ti ṣẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Sọ́fíwià náà gbà pé kí a fi kọ́kọ́rọ́ tó ju ẹyọ kan lọ ti ìwé pa. Mo fi tèmi kún un. Mo sì tò ó kí kọ́kọ́rọ́ tèmi nìkan lè ṣí gbogbo ohun tí wọ́n bá tì lẹ́yìn ìgbà náà, bíi tiwọn. Mo rò ó pé àgbàlagbà ni wọ́n, bí wọ́n bá gbàgbé gbólóhùn wọn, iṣẹ́ ọdún púpọ̀ á ṣègbé. Èrò burúkú kọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n sọ fún wọn.

Wọ́n bi mí pé, “Ṣé èmi nìkan ni mo lè ṣí i?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ohun tí mo sọ yẹn ni wọ́n lọ ń sọ fún àwọn àgbà ìlú. Wọ́n tún máa ń fún mi ní ẹ̀dà ìwé tí wọ́n tì náà nínú fíláàṣì, kí n bá wọn tọ́jú rẹ̀ sí Ajíbòdé.

Èmi àti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sàídá la jọ ń gbé yàrá náà. Ọmọ Lálúpọn lòun náà. Bàbá rẹ̀, Alàájì, ni àkọ́bí Ìyá Rábí, ìyá arúgbó tó ń yan gàrí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Sàídá ń sunkún. Ó ní àwọn àbúrò bàbá òun kì í pe bàbá náà sí ìpàdé ẹbí, wọ́n ń ṣe sí i bí àlejò, kò sì jọ ọ̀kankan nínú wọn. Mo mọ̀ pé Ìyá Rábí wà nínú ìwé Dádì. Nígbà tí Sàídá lọ kírun, mo fi kọ́kọ́rọ́ tèmi ṣí ẹ̀dà inú fíláàṣì náà.

Mo kà á pé Ìyá Rábí kọ́ ló bí Alàájì. Obìnrin arìnrìn-àjò kan ló kú sí ọ̀dọ̀ wọn, tó fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀. Ìyá Rábí fún un lọ́mú, òun àti ọkọ rẹ̀ sì sọ ọ́ di tiwọn.

Mo sọ fún Sàídá. Mo rò pé àánú ni mo ṣe é. Mo ní kó búra pé kò ní dárúkọ mi, kò sì dárúkọ mi títí dòní. Ṣùgbọ́n kò lè pa á mọ́ fún bàbá rẹ̀. Alàájì lọ bi ìyá rẹ̀. Ìyá náà ránṣẹ́ pe Dádì.

Mo wà nílé lọ́jọ́ náà, mo tẹ̀ lé wọn lọ. Ìyá Rábí jókòó sórí àpótí, kò kí wa.

Ó ní, “Tíṣà, ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún láyé mi.”

Dádì ṣí fìlà. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin náà, tàgbà-tàgbà wọn. Wọ́n ní, “Mi ò rántí pé mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́lòmíràn tó lè ṣí ìwé yẹn. Èmi ni mo sọ ọ́.”

Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí. Nígbà tí wọ́n dìde, mo tẹ̀ lé wọn padà sílé.

Láti ìgbà náà ni Dádì ti gbà pé ọpọlọ àwọn ti ń já. Wọn kò ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, kí wọ́n má baà ṣì í kà. Wọ́n ní ìwé kékeré kan tí wọ́n ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá bá ènìyàn sọ sí. Àwọn àgbà kò jẹ́ kí wọ́n jókòó lójúlé wọn mọ́. Iléyá méjì ti kọjá, Alàájì kò wá kí ìyá rẹ̀. Dókítà ní òun kò rí ju ọjọ́ orí lọ, Dádì ló ń bá dókítà jiyàn.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, wọ́n pè mí pé kí n wá pa gbogbo ìwé náà rẹ́. Wọ́n ní, “Ìwọ ni mo lè gbé e fún. Èmi ò fọkàn tán ara mi mọ́.” Mo parọ́ pé kọ̀ǹpútà náà ní àtúnṣe tó yẹ kí n ṣe, mo sì gbé e lọ. Ó wà níwájú mi bí mo ti ń kọ èyí.

Sátidé tó ń bọ̀ ni Bọ̀dá Fẹ́mi yóò wá kó wọn lọ sí Ìbàdàn, níbi tí ẹnì kan yóò ti máa ṣọ́ wọn. Wọ́n ti ń pín adìyẹ wọn fún àwọn aládùúgbò.

Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Mi ò wá bèèrè bóyá kí n sọ ọ́. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún: Dádì ni, tàbí Ìyá Rábí? Bí mo bá ti ọ̀dọ̀ ìyá bẹ̀rẹ̀, Dádì á gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí mo bá ti ọ̀dọ̀ Dádì bẹ̀rẹ̀, mo mọ̀ wọ́n dájú. Wọ́n á bò mí láṣìírí, wọ́n á ní kí n dákẹ́, wọ́n á sì bá Bọ̀dá Fẹ́mi lọ.