Ọkọ̀ Tí Owú Mi Fẹ́ Tà Nítorí Dùbáì

Ògo! Ẹ bá mi gbé e, ẹ̀yin ará: ògo fún Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí owú mi ta ọkọ̀ ọkọ mi! Hàlelúyà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó dún dáadáa kí àyà mi lè balẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Folúkẹ́ tí mo máa ń jókòó sẹ́yìn, nídìí òpó. Ojú máa ń tì mí, ìwé mi ò sì pọ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Ìjọ ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n máa kà á. Ẹ ṣé, Mà.

Ẹ̀yin ará, mo jowú. Mi ò ní fi bò. Àbúrò mi ni mo jowú.

Bíọ́lá lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí bàbá wa kú, ìwé mẹ́fà ni mo kà tí mo dúró, kí òun lè máa lọ. Mo lọ kọ́ iṣẹ́ súwẹ́tà híhun. Súwẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo hun tó gún régé, òun ló wọ̀ ọ́ lọ síléèwé. Inú mi dùn nígbà yẹn, Ọlọ́run mọ̀. Ṣùgbọ́n ó kàwé tán, ó ríṣẹ́ sí Ìbàdàn, ó lọ́kọ ṣáájú mi, òun àti ọkọ rẹ̀ sì lọ gbafẹ́ ní Dùbáì lẹ́yìn ìgbéyàwó, èyí tí wọ́n ń pè ní họnimúùnù. Ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́ nínú mi.

Màmá wa ń ta ọṣẹ dúdú ní Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Wọ́n fi fọ́tò Bíọ́lá sínú férémù, wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀. Wọ́n tún gbé òmíràn lọ sí ìsọ̀. Ẹni tó bá wá ra ọṣẹ, á kọ́kọ́ wo fọ́tò. "Ọmọ mi nìyí. Dùbáì nìyẹn lẹ́yìn rẹ̀." Bí mo bá wà níbẹ̀, wọ́n á ní, "Èyí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé." Ó parí. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé!

Fọ́tò náà wà lórí fóònù mi. Mo máa ń fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ kó lè tóbi. Mo wo bàtà rẹ̀. Mo wo èékánná rẹ̀. Mò ń wá ibi tí inú rẹ̀ ò ti dùn lójú rẹ̀, mi ò rí i. Olúwa, dárí jì mí.

Nígbà tó yá, Súnkànmí, tó ń fi Máíkírà kó èrò láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ṣé a máa lọ sí Dùbáì?" Ó rò pé mò ń ṣeré. Ó ní, "Òṣùpá ńkọ́? Ṣé o ò fẹ́ débẹ̀ náà?"

Ẹ rántí Sunday ìdúpẹ́ tí Bíọ́lá wá kí mi, tó jókòó síwájú pẹ̀lú ìborùn tó rà ní Dùbáì. Èmi tí mi ò kì í dìde, mo dìde. Mo ní mo fẹ́ dúpẹ́ ṣáájú, pé Ọlọ́run ti fún wa ní tíkẹ́ẹ̀tì Dùbáì. Ẹ jó fún mi! Bàbá Wòlíì gbàdúrà lé wa lórí. Ẹ̀yin ará, ẹ dárí jì mí. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì kankan. Kì í ṣe ìgbàgbọ́ ló gbé mi dìde, ìborùn yẹn ni.

Láti ọjọ́ náà ni wàhálà ti dé. "Ìyàwó Dùbáì, ìgbà wo lẹ ń fò?" Orúkọ tí ẹ sọ mí nìyẹn! A lọ bá ọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wò wá, ó ní, "Ẹ jókòó ná." A ní a ti jókòó. Nígbà tó sọ iye rẹ̀, mo rò pé Súnkànmí ń rẹ́rìn-ín ni, àṣé ikọ́ ni. Ọkùnrin náà ní, "Oṣù Kejìlá lẹ mú. Gbogbo ayé ló ń fò lóṣù Kejìlá. Ẹ sún un síwájú." Mo ní rárá. Ọjọ́ kẹta ìgbéyàwó ni Bíọ́lá lọ, ọjọ́ kẹta lèmi náà ń lọ.

A gbààwẹ̀. Mo kọ Dùbáì sínú ìwé, mo gbé e síwájú pẹpẹ. Bí mo ṣe ń gbàdúrà ni owó ọkọ̀ òfuurufú ń gòkè. Ní ọjọ́ kan, Súnkànmí wá bá mi, ó ní, "Folúkẹ́, Àlàájì kan ní Sábó fẹ́ ra Máíkírà yìí. Bí mo bá tà á, a máa lọ."

Ọkọ̀ tó ń bọ́ ọ, tó ń bọ́ ìyá rẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé! Ó yẹ kí n pariwo. Mi ò pariwo. Mo ní, "Ó dáa."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n fi àdéhùn sí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo lọ sí Ọ̀yọ́ láti lọ sọ fún Màmá pé ọ̀rọ̀ Dùbáì ti yanjú. Bíọ́lá, tó ti Ìbàdàn wá kí Màmá, ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Bí mo ṣe jókòó báyìí ni Màmá na ọwọ́ sí ògiri: "Wo ibẹ̀ yẹn dáadáa o, kó o lè mọ ibi tí wàá dúró sí tí ìwọ náà bá dé ọ̀hún."

Mi ò mọ ìgbà tí mo ké. "Ẹ gbé fọ́tò yẹn kúrò lójú mi!" Màmá lanu sílẹ̀. Wọn ò gbọ́ ohùn mi bẹ́ẹ̀ rí. Bíọ́lá fà mí lọ sẹ́yìnkùlé.

"Àǹtí mi, kí ló dé?"

"Súnkànmí fẹ́ ta Máíkírà."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí Dùbáì."

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Ta ló sọ fún yín pé Èkó la ti wọ bààlúù? Kútọnu ni. Owó rẹ̀ ò tó ti Èkó. Tíkẹ́ẹ̀tì tó ń dúró lọ́nà la sì rà. Orí àga la jókòó sí nílùú kan láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ mi wú. Ọkọ mi bínú, kò bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tá a ya fọ́tò tí Màmá gbé kọ́ yẹn, a ò tíì parí ìjà."

"Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀?"

"Fọ́tò ni, Àǹtí mi."

Ẹ̀yin ará, òótọ́ ni mo wá sọ níbí. Inú mi dùn pé ẹsẹ̀ rẹ̀ wú.

Ó yọ fóònù, ó ní, "Ẹ gbàgbé ibi tí mo lọ. Ẹ̀yin gan-an, kí lẹ fẹ́ rí?"

Kò sẹ́ni tó bi mí rí. Èmi náà ò bi ara mi. Mo ní, "Òkun. Mi ò rí òkun rí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Láti Kútọnu sí Mọ̀ńbásà, létí òkun ní Kẹ́ńyà. Oṣù Kejì. Àárín ọ̀sẹ̀. Ó tẹ̀, ó ń yí i padà, títí tó fi ní, "Ẹ wò ó." Mo ní kó tún un kà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Owó tó wà lọ́wọ́ wa ká a! Hàlelúyà!

Mo ní, "Ṣùgbọ́n oṣù Kejì? Ṣé họnimúùnù máa ń dúró?"

Ó ní, "Ṣé ọkọ yín fẹ́ sá lọ ni?"

Mo pe Súnkànmí, kò gbé e. Mo tún pè, kò gbé e. Mo sáré wọ ọkọ̀ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀nà yẹn ò gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí mò ń sọ lẹ́nu ò ju "Jésù, má jẹ́ kó tíì tà á" lọ.

Nígbà tí mo dé Sábó, Máíkírà wà níwájú ṣọ́ọ̀bù Àlàájì. Súnkànmí jókòó tì í, ojú rẹ̀ pọ́n. Àlàájì ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ò tà á mọ́."

Wọ́n ní, "Ìwọ ni ìyàwó? Mo ní kí ọkùnrin yìí tan ọkọ̀ kí n gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Ó tan án, ó wá ń fọwọ́ nu sítíárìn bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Mo ní, èyí ò tíì fẹ́ tà. Mo ní kó jókòó, kí n lọ kírun ná." Wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ sí i. "Ẹ máa lọ sílé yín. Kẹ́ ẹ sì jẹun."

Alihamudulilaahi ni mo sọ o! Ẹ má bínú, Bàbá Wòlíì. Ó bọ́ lẹ́nu mi ni.

A ṣègbéyàwó lóṣù Kejìlá bí ẹ ṣe mọ̀. Nígbà tí oṣù Kejì dé, Máíkírà yẹn náà ló gbé wa dé ẹnubodè, ọ̀rẹ́ Súnkànmí sì wà á padà. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ béèrè ibi tí à ń lọ. Ọkọ mi ní, "Họnimúùnù, sà." Ọkùnrin náà wo ọkọ̀, ó wò wá. "Nínú eléyìí?" Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi lu ìwé ìrìnnà wa ní òǹtẹ̀. Nígbà tá a dé Kútọnu, òkun ti wà níbẹ̀! Súnkànmí ní, "Òkun rẹ rèé o. Ṣé ká padà sílé?"

A ò padà. A lọ, a dé. Ẹsẹ̀ tèmi náà wú.

Màmá ti gbé fọ́tò tiwa kọ́ sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bíọ́lá. Mo yọ téèpù tí mo fi ń wọn súwẹ́tà, mo wọn méjèèjì. Ti Bíọ́lá fi díẹ̀ tóbi ju tèmi lọ. Ó ká mi lára, mi ò ní purọ́. Mo ká téèpù mi, mo ní Olúwa, o ṣé. Ẹ máa bá mi gbàdúrà sí i, kò tíì tán.

Ìwọ tó o jókòó síbí lónìí, tó ò ń fẹ fọ́tò ẹlòmíràn lórí fóònù rẹ, Ọlọ́run tó gbọ́ tèmi á gbọ́ tìrẹ. Bi ara rẹ léèrè ohun tí ìwọ gan-an fẹ́ rí. Bi ẹni tó ò ń jowú, bóyá òun ló mọ ọ̀nà. Má sì jẹ́ kẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ ta ohun tó ń bọ́ ọ.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bíọ́lá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Àlàájì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Baba lókè, mo tún dúpẹ́. Ẹ yọjú lójú fèrèsé, ẹ̀yin ará. Máíkírà náà ló wà lábẹ́ igi máńgòrò yẹn. A ti fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ń lọ sí Ọ̀yọ́ lẹ́yìn ìsìn, ààyè ṣì wà. Ẹ bá mi yin Olúwa!