Reino, Ẹni Tí Kì Í Jẹ́ Kí Òjò Dídì Bá Òun Lójijì

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi àgbọ̀nrín sílẹ̀ nínú igbó tẹ́ ẹ wá, tí aṣọ ọdẹ ṣì wà lọ́rùn yín, mo rí yín. Èmi Elvi, ẹ̀gbọ́n Reino Lahti tó sùn sínú pósí yìí, mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n inú ń bí mi.

Ẹnu yín ló ń bí mi nínú. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń mu kọfí lẹ ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: “Kaija dà? Irú ọmọ wo ni kì í jókòó ti òkú bàbá ẹ̀?” Mo gbọ́. Etí mi ò tíì di. Màá sọ ibi tí Kaija wà fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ẹni tó bí i.

Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Gbogbo wa ní Hancock níbí la mọ̀ pé òjò dídì ń bọ̀. Reino, tó ń bá àwọn oníṣọ́ọ̀bù tọ́jú ilé wọn, nìkan ló máa ń ṣe bí ẹni pé ọ̀la ló ń bọ̀. Kí òtútù tó mú kí ilẹ̀ gan ni yóò ti ri ọ̀pá àmì mọ́ etí ibi ìgbọ́kọ̀sí gbogbo ṣọ́ọ̀bù, kí katakata tó ń kó òjò dídì má baà gbá ẹ̀rọ omi àwọn panápaná lọ mọ́ ọn. Yóò kó iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà kí yìnyín lè yọ́ pamọ́. Yóò gun òrùlé, yóò kó ewé kúrò lójú ihò tí omi ń gbà sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù wá ńkọ́? “Reino, fara balẹ̀, ó di ìgbà tá a bá tọdẹ dé.” Ẹ sọ ọ́ àbí ẹ ò sọ ọ́? Ẹ sọ ọ́!

Ẹ ò rántí ọdún tí Urho Salmela, tó ni ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ, ti ilẹ̀kùn òrùlé pa, tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ sígbó ọdẹ? Reino fi ayùn gé àgádágodo, ó ṣiṣẹ́ tán, ó ra òmíràn, ó wakọ̀ wọgbó lọ, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ tuntun sínú ọbẹ̀ Urho. Ó ní, “Jẹun, ọ̀rẹ́ mi. Òrùlé ẹ ò ní wó lé ọ lórí.” Urho ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, òun náà ló gbé ẹja yíyan wá, tó ní, “Olórí kunkun, gbà.” Ẹ rẹ́rìn-ín. Ó dáa kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ó tó. Ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́ ohun tó ń ró lójú fèrèsé. Òjò ni, òjò gidi, lórí òjò dídì tó ti wà nílẹ̀ láti àná. Rédíò ní yóò dì kí ilẹ̀ tó ṣú. Gbogbo òrùlé ni Reino ti tún ṣe kí ọlọ́jọ́ tó dé, àfi ẹyọ kan. Urho, má wolẹ̀. Tìẹ ni. O ní ó di ẹ̀yìn ọdẹ. Ewé ti dí ihò, omi ti dá rogún sókè. Tó bá fi lè di yìnyín, tí òjò dídì tún gorí ẹ̀, orí àwọn tó ń ra búrẹ́dì ni yóò wó lé.

Ibẹ̀ ni Kaija wà, ó ń kó ewé yẹn kúrò. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ má sọ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣọ̀fọ̀ bàbá mi lálàáfíà.” Mo ṣèlérí. Ẹnu yín ló mú kí n yẹ̀ ẹ́.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ yẹn dá wà lórí òrùlé tó ń yọ̀, kò sẹ́ni tó di àkàbà mú. Ẹ ń wò mí? Àdúrà ìkẹyìn lẹ ń retí? Urho, wọ bàtà ẹ. Ó dáa, ó ti dìde. Ẹ̀yin tó kù ńkọ́? Ṣọ́bìrì wà lẹ́yìn ọkọ̀ yín, mo mọ̀ yín. Pásítọ̀, ẹ̀yin náà. Ẹ má bẹ̀rù pé òkú á dá wà. Èmi á jókòó tì í.

Reino, àbúrò mi, o gbọ́? Ariwo ọkọ̀ wọn nìyẹn. Ó ti pẹ́ tó o ti ń bẹ̀ wọ́n. Òní ni wọ́n gbọ́. Rìn re o. Bó o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá wa, ohun tí wọ́n bá ń jẹ ni kó o bá wọn jẹ. Má gun òrùlé ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Sinmi. Gbogbo àga ló ṣófo báyìí, àbúrò mi, àfi tèmi. N ò tíì rí òkú tí wọ́n bọlá fún tó báyìí rí.